Ẹni Tó Ṣẹ́jú Kì Í Ka Ìṣubú: Ìtàn Awòjà Tó Kéde Ohun Tí Kò Rí

Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbà rí: "Ẹni tó ṣẹ́jú kì í ka ìṣubú." Bóyá ẹ̀yin náà ti fi bá ọmọ yín wí. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òwe náà ti ṣẹ̀ wá? Àwọn tó kàwé jù mí lọ sọ pé ilé ẹjọ́ ni, pé adájọ́ kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ẹlẹ́rìí tó ń parọ́. Mo ti bá ọ̀kan nínú wọn jiyàn lórí rẹ̀ títí ó fi dìde kúrò níbi tí a jókòó sí. N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà, n kò sì ní í yí i padà. Ojú ìjàkadì ni òwe yìí ti wá, ní ìlú Òkè-Àpárá, kò sì sí ayọ̀ nínú bí ó ṣe wáyé.

Ní Òkè-Àpárá láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ti kó iṣu àti ọkà wọlé tán, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, wọn a ṣe ọdún ìjàkadì. Ọdún náà kì í ṣe eré lásán. Ẹni tó bá jẹ́ àlejò nínú ìlú kò lè kọ́lé sínú odi; ẹ̀yìnkùlé onílé ni yóò máa gbé, bó ti wù kó pẹ́ níbẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ọmọ àlejò bá bọ́ sójú ìjà, tó sì dá akíkanjú ìlú, Baálẹ̀ yóò fún un ní ilẹ̀ ìkọ́lé lójú gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tó tún gbọdọ̀ pè é ní àlejò mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń jẹ́ kí ènìyàn dán an wò láyé rẹ̀. Bí wọ́n bá dá a, ó parí nìyẹn.

Àwọn méjì ló ń ṣọ́ ìjà náà. Awòjà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀kan á dúró níhìn-ín, ọ̀kan á dúró lọ́hùn-ún, àwọn oníjàkadì á wà láàárín. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kan ilẹ̀, òun ni wọ́n dá. Awòjà tí ìṣubú bá ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀ ni yóò kéde. Ṣùgbọ́n àwọn baba ńlá wọn mọ̀ pé ojú ènìyàn kì í ṣe ojú Ọlọ́run. Eruku lè wọ̀ ọ́. Oòrùn lè ta sí i. Ara oníjàkadì kan lè dí ara ẹnìkejì. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi òfin kan lélẹ̀, pé awòjà tí kò bá rí ìṣubú kò gbọdọ̀ méfò. Yóò lóṣòó, yóò na ọwọ́ sí ẹnìkejì rẹ̀ lódìkejì, yóò sì wí pé, "Ẹgbẹ́ mi, kí ni o rí?" Ohun tí ìyẹn bá sọ ni gbogbo ìlú gbà. Bí ìyẹn náà kò bá rí i, wọn á ní kí àwọn oníjàkadì gbéra, kí wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀. Awòjà tí a kò bá sì bi léèrè, kò gbọdọ̀ la ẹnu, kí ẹnu méjì má baà dá ìjà mìíràn sílẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran. Kò sí ẹni tó ń fi awòjà tó lóṣòó ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń yìn ín ni, wọn a ní, "Ó mọ ohun tó rí, ó sì mọ ohun tí kò rí."

Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, Ọdẹ́wálé àti Ọ̀jẹ́dìran ni awòjà méjèèjì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọ̀rẹ́ sì ni wọ́n tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rọ̀ àgbò tó dé. Àgbò Ọdẹ́wálé ló já okùn, tó wọ oko ẹ̀wà Ọ̀jẹ́dìran, tó sì jẹ ẹ́ kanlẹ̀. Ọ̀jẹ́dìran mú àgbò náà so mọ́ igi nínú oòrùn, ó ní àfi kí ẹni tó ni ín wá bẹ òun. Ọdẹ́wálé ní òun kò ní í torí ewé ẹ̀wà bẹ ẹnikẹ́ni. Kí ọ̀kan nínú wọn tó gbà fún ẹnìkejì, àgbò ti kú sídìí igi. Láti ọjọ́ náà, wọn kò kí ara wọn mọ́. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀ láti odò, èkejì á yà sínú igbó títí ìyẹn á fi kọjá. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí kò sin àgbò rí ni yóò sọ pé ọ̀rọ̀ àgbò kéré. Ìkùnsínú kì í wúwo lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e rù. Ìgbà tó bá pẹ́ lórí ni ọrùn ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn àgbà ìlú bẹ̀ wọ́n títí. Nígbà tó sú wọn, wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ní kò burú, ṣebí iṣẹ́ ojú ni iṣẹ́ awòjà, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu. Wọ́n ní kí àwọn méjèèjì máa dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí oníkálukú máa kéde èyí tó bá rí. Ibẹ̀ ni ìlú ti kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe.

Obìnrin amọ̀kòkò kan ń gbé ìlú náà, Ìyá Láníyọnu. Ogun ló lé òun àti ọmọ rẹ̀ kúrò ní ìlú wọn, wọ́n sì ti pẹ́ ní Òkè-Àpárá débi pé ọmọ náà ti di géńdé. Kò sí ilé tí ìkòkò rẹ̀ kò sí. Omi máa ń tutù nínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló ń gbé, onílé kò sì jẹ́ kó sun ìkòkò níbẹ̀ nítorí èéfín. Inú igbó lọ́hùn-ún ló ń ru ìkòkò tútù lọ kó tó rí i sun, kò sì sí ìgbà tí díẹ̀ nínú wọn kì í fọ́ lọ́nà. Ohun kan ṣoṣo ló ń tọrọ: kí ọmọ rẹ̀ dá akíkanjú, kí àwọn ní àgbàlá tiwọn, kí òun lè dáná síbi tó bá wu òun.

Nígbà tí Láníyọnu sọ pé òun yóò jà lọ́dún náà, ìyá rẹ̀ fi òrí pa á lára láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Láníyọnu, àwọn ará ilé Oyèékọ́là á pariwo o. Má jẹ́ kí ariwo wọn dá ọ."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi, ariwo kò ní ọwọ́ tí yóò fi gbé mi."

Oyèékọ́là ni akíkanjú ìlú. Ọkùnrin gbàǹgbà ni, ó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Bí wọ́n ti ko ara wọn lójú, ó wo Láníyọnu láti òkè dé ilẹ̀, ó sì ké sí àwọn òǹwòran pé, "Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi! Amọ̀ tútù ni wọ́n gbé wá bá mi. Wọn kò tilẹ̀ tíì sun ún!"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn pariwo pé, "Rọra mú un o, má jẹ́ kó fọ́!"

Oyèékọ́là lu àyà. "Òkúta ni èmi, àbúrò. Amọ̀ kì í bá òkúta jà."

Láníyọnu dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n orí òkúta ni ìkòkò máa ń jókòó lé."

Ẹ̀rín ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Oyèékọ́là pàápàá rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dì mọ́ra wọn.

Ìjà náà pẹ́. Ilẹ̀ ti gbẹ, eruku sì ń sọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Oyèékọ́là gbìyànjú láti fi agbára gbé e, kò gbé. Láníyọnu gbìyànjú láti ta á lẹ́sẹ̀, kò ṣubú. Níkẹyìn, níwájú Ọdẹ́wálé gan-an, Oyèékọ́là gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀, ó fẹ́ sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wà lókè ni Láníyọnu fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì yí ara rẹ̀ po. Àwọn méjèèjì wó lulẹ̀ gbì! Eruku sọ bí èéfín. Ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan wọ Ọdẹ́wálé lójú, Ọdẹ́wálé sì dijú.

Nígbà tó la ojú, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn oníjàkadì ti yí gbirigbiri nínú eruku, Oyèékọ́là ló sì wà lókè. Ẹ̀yìn àwọn méjèèjì ló ti kún fún iyẹ̀pẹ̀. Àwọn ará ilé Oyèékọ́là ti fò dìde, wọ́n ń pariwo, "Oyèékọ́là! Oyèékọ́là! Ìkòkò ti fọ́!"

Gbogbo ìlú yíjú sí Ọdẹ́wálé.

Ó mọ̀ pé òun kò rí i. Ó sì mọ ohun tí òfin sọ. Ó gbójú sókè, ó wo òdìkejì, ó sì rí Ọ̀jẹ́dìran tó ká apá mọ́ àyà, tó ń wo òun. Ó rò ó pé òun yóò lóṣòó níwájú ọkùnrin yìí, lójú ọmọdé àti àgbà. Pé òun yóò na ọwọ́ sí i, òun yóò sì pè é ní ẹgbẹ́ òun. Ó rántí àgbò. Orúnkún rẹ̀ kọ̀ láti tẹ̀.

Láníyọnu ti dìde. Ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi ẹnìkejì yín."

Ọdẹ́wálé sọ pé, "Mo rí i." Ó na ọwọ́ sí Oyèékọ́là. "Oyèékọ́là ló dá a."

Ariwo ta. Wọ́n gbé Oyèékọ́là sókè. Ṣùgbọ́n àwọn tó sún mọ́ ọn sọ lẹ́yìn náà pé kò rẹ́rìn-ín, kò sì ṣe ẹ̀fẹ̀ kankan bí ìṣe rẹ̀.

Ìyá Láníyọnu la àárín èrò kọjá, ó lọ dúró níwájú Ọ̀jẹ́dìran, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin náà wà níbí. Kí lẹ rí?"

"Wọn kò bi mí."

"Èmi bi yín, bàbá."

"Ìwọ kọ́ ló ń bi awòjà," ni Ọ̀jẹ́dìran wí. Ó tú apá rẹ̀, ó sì bá ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ.

Òfin wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò lè sọ pé kò sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òfin ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó ń fẹ́ kí Ọdẹ́wálé lóṣòó ni. Ó ti ń dúró de ọjọ́ náà láti ìgbà tí àgbò ti kú, nígbà tí kò sì rí i, ó gbé òtítọ́ lọ sílé pẹ̀lú ara rẹ̀.

Láníyọnu àti ìyá rẹ̀ kò dúró jẹ oúnjẹ ọdún. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ti lọ. Obìnrin náà fi àwọn ìkòkò tútù tí kò tíì sun sílẹ̀ níbi tó sá wọn sí lẹ́yìn odi. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà tí òjò dé, ó rọ̀ sórí wọn, wọ́n sì yọ́ padà di ẹrẹ̀ níbi tí wọ́n wà.

Ọdún yípo. Ọyẹ́ tún dé, wọ́n sì pe Oyèékọ́là sójú ìjà gẹ́gẹ́ bí akíkanjú. Ó jáde, ṣùgbọ́n kò bọ́ aṣọ. Ó dọ̀bálẹ̀ níwájú Baálẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Èmi kọ́ ni akíkanjú."

Baálẹ̀ ní, "Ta ló dá ọ, tí a kò gbọ́?"

"Láníyọnu ọmọ amọ̀kòkò ni. Ẹ̀yìn mi ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Oníjàkadì kì í kéde ìṣubú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi dákẹ́. Mo rò pé màá gbàgbé. Oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́."

Baálẹ̀ ní kí àwọn awòjà méjèèjì bọ́ síwájú. Ó kọ́kọ́ bi Ọdẹ́wálé léèrè.

"Ọdẹ́wálé, o ní o rí i. Kí lo rí?"

Ọdẹ́wálé wo ilẹ̀. "N kò rí i, Baálẹ̀. Eruku wọ̀ mí lójú, mo ṣẹ́jú. Ariwo ni mo gbọ́, òun ni mo sì kéde."

"Ọ̀jẹ́dìran, ìwọ ńkọ́?"

"Mo rí i, Baálẹ̀. Bí Oyèékọ́là ti wí náà ni."

Baálẹ̀ mi orí. "Ẹni tí kò rí ló sọ̀rọ̀, ẹni tó rí ló panu mọ́. Kí ló dé tí o kò bi í, Ọdẹ́wálé?"

Ọdẹ́wálé kò fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó wà lẹ́yìn fi ń bi ara wọn pé kí ló wí.

"Nítorí àgbò."

Ní ọjọ́ mìíràn, wọn ì bá rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín.

Wọ́n pinnu láti wá Láníyọnu rí, kí wọ́n sì fún un ní ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ rán àwọn géńdé, ṣùgbọ́n Ọdẹ́wálé ní òun ni yóò lọ. Ó rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń béèrè amọ̀kòkò àti ọmọ rẹ̀, títí wọ́n fi júwe ibi kan fún un lẹ́bàá odò ní ìlú Agbọ̀nà. Láníyọnu ló bá níbẹ̀, tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Ọmọ náà dá a mọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó fi ìjókòó lọ̀ ọ́, ó sì bu omi fún un mu. Inú ìwà ọmọlúàbí rẹ̀ yìí gan-an ni ìyà ti jẹ àgbàlagbà náà jù.

Ọdẹ́wálé jẹ́wọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ní Oyèékọ́là ti sọ òtítọ́, Ọ̀jẹ́dìran ti jẹ́rìí sí i, Baálẹ̀ sì ti fi èèkàn sí ilẹ̀ náà. "Wá máa bọ̀ nílé, ọmọ mi. Ìwọ àti ìyá rẹ."

Láníyọnu gbé àáké rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, bàbá. Mo ti gbọ́. Ìyá mi kú nígbà òjò. Ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ló kú sí, níbí náà."

"Háà, Láníyọnu."

"Èmi fúnra mi kò bìkítà fún ilé. Ibi tí ilẹ̀ bá ṣú mi sí ni mo lè sùn. Òun ni mo fẹ́ kọ́ ọ fún." Ó tún mú àáké rẹ̀. "Ẹ bá mi kí Ẹ̀gbọ́n Oyèékọ́là. Ẹ ní n kò bínú sí i."

Kò sọ bóyá òun ń bínú sí Ọdẹ́wálé tàbí òun kò bínú. Ọdẹ́wálé kò sì bi í.

Ó padà sí Òkè-Àpárá ní òun nìkan. Ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èèkàn rẹ̀, kò sí ẹni tó kọ́lé sí i. Nígbà tí ọdún ìjàkadì tún dé, àwọn àgbà lọ bẹ Ọdẹ́wálé pé kó wá dúró sípò rẹ̀, pé ojú rẹ̀ ṣì mú ju ojú àwọn ọmọdé lọ. Ó dá wọn lóhùn pé, "Ẹni tó ṣẹ́jú kì í ka ìṣubú. Èmi ṣẹ́jú, mo sì kà á." Kò bọ́ sójú ìjà mọ́ títí ó fi kú. Ní ti òun àti Ọ̀jẹ́dìran, àwọn kan sọ pé wọ́n parí ìjà wọn níkẹyìn, pé wọ́n jọ pín obì jẹ. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò sí níbẹ̀, n kò sì ní í sọ fún yín pé mo rí i.

Ọ̀rọ̀ tí Ọdẹ́wálé sọ ló di òwe. Bí àwọn àgbà bá gbọ́ tí ènìyàn ń fi ìdánilójú ròyìn ìjà tọkọtaya tó jẹ́ pé láti ẹ̀yìn ògiri ló ti gbọ́ ọ, tàbí tó ń dá ẹlòmíràn lẹ́bi nítorí pé ibẹ̀ ni ariwo pọ̀ sí, wọn á wí fún un pé, "Ẹni tó ṣẹ́jú kì í ka ìṣubú." Wọ́n tún ń pa á fún ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò yé òun, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ béèrè nítorí pé ọ̀tá rẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n. Wọn kì í fi bú ènìyàn. Wọ́n máa ń tètè pa á ni, kí onítọ̀hún tó la ẹnu, nítorí pé títí di ìgbà náà, ó ṣì lè béèrè.